Ṣòkòtò Kákí Tí Mo Fà Ya ní Ore

Olúfúnṣọ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run tó jẹ́ kí òjò ọdún yìí ṣojú wa yóò jẹ́ kí ìkórè rẹ̀ ṣojú wa pẹ̀lú. Àwa náà wà ní Araromi-Obu níbí. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o má máa fi ebi sùn. Kòkó so díẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń bá wa jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀nà oko ti bàjẹ́, alùpùpù ò lè kọjá mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bí n kò bá kọ ọ́, òun yóò wá ẹni tí yóò bá òun kọ ọ́.

O mọ̀ pé iyọ̀ ti di wúrà láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti gba ìjọba. A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta iyọ̀ ìjọba ní Ore, mo bá mú àpò, mo lọ. Ṣọ́jà kan ló ń tò wá sórí ìlà lẹ́bàá títì ńlá tó lọ sí Benin, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó jọ ẹgbẹ́ mi, tó wọ ṣòkòtò kákí, ló wà níwájú mi. Ìlà ń lọ, èmi ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ni ṣọ́jà bá ní mò ń fọ́ọ̀lù biháìnì. Èmi náà sì gbọ́ díẹ̀ nínú gẹ̀ẹ́sì àwọn awakọ̀. Fọ́ọ̀lù ni kí nǹkan já bọ́, biháìnì ni ẹ̀yìn, mo bá bojú wẹ̀yìn bóyá nǹkan mi ló já bọ́. N kò rí nǹkan kan. Ó tún ní kí n kíìpù ọ́ọ̀pù. Ìyẹn ò le rárá, kíìpù ni kí èèyàn tọ́jú nǹkan, ọ́ọ̀pù ni òkè, mo bá gbé àpò mi ka orí. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé nítorí pé àpò náà ṣófo ni. Ni ṣọ́jà bá na pàṣán sí ọkùnrin náà tó ti jìnnà síwájú, ó ní kí n káàṣì ọ́ọ̀pù pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ mi, ta ni kò mọ káàṣì? Bí wọ́n bá ń lé olè ní gáréèjì Ore, káàṣì àmù, ẹ mú un, ni gbogbo wọn ń pariwo. Mo ní àṣé olè ni ọkùnrin yìí. Mo sáré, mo gbá a mú ní ìdí ṣòkòtò, mo sì fà á sókè, nítorí ọ́ọ̀pù tí ṣọ́jà fi kún un. Ṣòkòtò náà ya dé itan.

Ṣọ́jà ò bèèrè ẹjọ́. Ó ní a ń jà lórí ìlà, ó ní kí àwa méjèèjì máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọkùnrin náà ń fò, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, gbogbo ọjà ń wò wá. Kò bú mi. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́. Mo fi àpò mi bo ìdí rẹ̀, mo sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Omifunfun, ìlú rẹ̀. Iyọ̀ náà kò kàn wá. Òun ló fi sùúrù ṣàlàyé fún mi lọ́nà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣọ́jà ń wí látìbẹ̀rẹ̀, pé kí n má rẹ̀yìn, kí n yára bá ẹni iwájú. Ó ní Zachariah Owólabí ni òun ń jẹ́. Ó ní Péjú ọmọ òun tó wà ní Èkó fẹ́ mú ọkọ wálé, iyọ̀ tí àwọn yóò fi se oúnjẹ àlejò ni òun wá rà. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé bàbá Péjú àfẹ́sọ́nà rẹ ni. Ó wá bèèrè orúkọ mi.

Mo ní Fádáre ni mò ń jẹ́, ará Ore.

Olúfúnṣọ́, ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà níjọ ni mo fi sọ ọ́. Mo délé, n kò lè wo ojú ìyá rẹ. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó bu epo pupa sínú kèrègbè, ó ní kí n máa lọ sí Omifunfun. Bí mo ti débẹ̀, ìyàwó Owólabí ní ẹ káàbọ̀, Bàbá Fádáre, ọkọ òun ti ròyìn ẹni tó mú un dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n gbé iyán fún mi. N kò fọwọ́ kàn án. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ rẹ̀, mo ní èmi kì í ṣe Fádáre, èmi ni Joshua Adébóyè, bàbá Olúfúnṣọ́.

Owólabí ní kí n dìde. Ó ní ṣòkòtò kò dun òun, ìyẹn ti lọ, orúkọ ló dun òun, nítorí orúkọ tí mo sá fún yẹn ni ọmọ òun fẹ́ wá jẹ́. Ó ní ká máa bọ̀ lọ́jọ́ tí a dá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi alága ìdúró sọ̀rọ̀ fún wa. Èmi fúnra mi ni kí n dìde láàárín ẹbí, kí n sọ ẹni tí mo jẹ́.

N óò sọ ọ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí. Ìwọ náà sọ fún Péjú kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ kákí tó nípọn fún bàbá rẹ̀, kí o sì bá wa wá iyọ̀ ní Èkó bọ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá sì sọ gẹ̀ẹ́sì tí kò yé ọ, bi í léèrè kí o tó na ọwọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ilé tí o fẹ́ kọ́ yìí yóò tòrò, ọmọ rẹ yóò sì lè pe orúkọ baba rẹ̀ níbikíbi láìbojúwẹ̀yìn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Joshua Adébóyè