Awọ Apá Mi àti Àwọn tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Èmi, Felicia Ọmọ́rìnsọ́lá Akíntọ́lá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ni mo ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ara mi ò le mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé, ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú mi. Ìwé ìhágún tí mo ṣe ṣáájú èyí ti di asán. Lọ́yà Tèmídayọ̀ Oyèwọlé ni yóò mú ìfẹ́ mi ṣẹ.

1. Ilé mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti Lọ́lá, ọmọ àbúrò Láńre, ọkọ mi tó ti dolóògbé. Òun nìkan ló sọ òtítọ́ fún mi.

2. Oko kòkó mi lọ́nà Èmùré di ti ìjọ wa, kí wọ́n máa fi tọ́jú àwọn opó. Bámijókò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni mo fẹ́ fún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló sùn sí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kó tó di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lókè òkun.

Àìsàn ló mú kí wọ́n yọ ilé ẹyin mi nígbà tí mo ṣì kéré, n ò sì lè bímọ. Bámijókò wá bá mi, ó ní: “Màmá, ẹ fún mi ní awọ díẹ̀ lápá yín. A ó fi ṣẹ̀dá ọlẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀dà yín, a ó mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú rẹ̀, èyí tó lè di ẹ̀yà ara èyíkéyìí, a ó sì máa tọ́ ọ títí yóò fi di ẹyin tí a lè fi bí ọmọ fún yín.” Mo na apá.

Nígbà tó yá, ó pè pé ó ti ń di ẹyin. Mo jó nínú kíṣìnì. Ó tún pè, ó ní gbogbo rẹ̀ ti kú. Mo wọ aṣọ dúdú bí ẹni tó sin ọmọ.

Irọ́ ni. Lọ́lá, tó ń kàwé nílùú tí Bámijókò wà, gbọ́ nígbà tí Bámijókò ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún èrò pé àwọn sẹ́ẹ̀lì mi wà láàyè nínú fìrísà, ó sì sọ fún mi. Mo pe Bámijókò. Ó ní: “Màmá, ẹ̀ bá máa bèèrè ọmọ lọ́wọ́ mi ṣáá ni. Ìwádìí ni mo ń ṣe.”

Kì í ṣe àìrọ́mọbí ló dùn mí. Ẹkún tí mo sun sí i létí lórí fóònù ni, tí òun sì ń kí mi kú ìrọ́jú.

3. Kí Lọ́yà gba sẹ́ẹ̀lì mi, kí wọ́n pa á run. Bámijókò lè wá síbi ìsìnkú mi, kí ó jókòó láàrin àwọn àlejò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì mi. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi sẹ́ẹ̀lì náà bímọ lẹ́yìn mi. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi wá sáyé lọ́wọ́ ẹni tó ti túfọ̀ rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2025.
F. Ọ. Akíntọ́lá

Lójú wa: Àṣàbí Olúwọlé, Adésọjí Fálànà