Ìka Àárín Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹjọ, 1909
Ọ̀gá Haskett ti mú ẹlòmíì wọ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa. Virgil Stroud, ọmọ ogún ọdún. Iṣẹ́ tèmi gan-an ló wá ṣe — kó máa lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, kó máa mú bọ́ọ̀lù tí Lon, ajubọ́ọ̀lù wa, bá jù. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Lon ti jọ ń ṣe é. Ọmọ-wàrà yìí ò tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 17
Ó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwa àgbà to ara wa dí i lọ́nà, bí wọ́n ṣe ṣe fún àwa náà nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ní kó lọ bu omi wá. Ó ní, ṣé orúnkún yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè lọ mọ́ ni, bọ̀ọ̀dá Clem? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lon náà rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 20
Bọ́ọ̀lù bà mí níka àárín ọwọ́ ọ̀tún. Ó kán, mo gbọ́ ọ. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Tí Ọ̀gá bá fi lè gbọ́, Ọmọ-wàrà ti wọlé nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì — ẹgbẹ́ wo ló máa gbà mí?

Àbámẹ́ta, 21
Mo ki ọwọ́ bọ omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń pa kùkúńbà mọ́ látàárọ̀, bóyá á fà á. Ó ṣì wú.

Ọjọ́ Ajé, 23
Àwọn ará Dayton nà wá. Ìka kan ni mo máa ń nà sí Lon láàárín itan tí mo bá fẹ́ bọ́ọ̀lù eré, èyí tó ń sáré tààrà, méjì fún èyí tó ń yí sísàlẹ̀. Méjì ni mo fẹ́ nà. Ìka àárín kọ̀, kò dìde. Lon rí ẹyọ kan, ó ju eré, èmi ń retí ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù fò mí kọjá, ọ̀kan nínú wọn sáré wọlé, wọ́n fi ìyẹn borí. Ó parí.

Ọ̀gá bi wá pé ta ló ṣì í. Mo ní Lon ni, ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Lon kàn ń wo àpò tí mo ki ọwọ́ bọ̀. Kí ló dé tí kò bá mi jà? Olórí kunkun.

Ọjọ́rú, 25
Wọ́n lé Lon. Kò kàn mí.

Ọjọ́bọ̀, 26
Ní ibùdókọ̀ rélùwéè, Lon ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dágbére. Ọwọ́ ọ̀tún fún gbogbo wọn, títí kan Ọmọ-wàrà. Ó kàn mí, ó na òsì. Ọ̀gá ní, èwo ni tòsì? Lon ní, ẹ bi Clem. Ó wọkọ̀ ẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀ ju Ọmọ-wàrà lọ.

Ọ̀gá ní kí n yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde lápò, kí n na ìka méjì sókè. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí.

Ẹyọ kan ló dìde.