Ẹyin Tó Wà Nínú Bàtà Mi

Ìyá mi tí mo lé kúrò nílé mi,

Mo kí yín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti oko dé: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ẹrù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò kàwé. Mo ń sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Èyí tó bá burú, kó kọ ọ́ bó ṣe burú. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ló di bírò mú. Tinúkẹ́ ni, ìyàwó Wálé ọmọ mi.

Ẹ ò mọ Wálé. Ẹ ti lọ kí a tó bí i. Ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Berlin, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Kreuzberg. Nígbà tí Àṣàkẹ́ ìyàwó mi kú, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé ilé ti ṣófo jù fún èmi nìkan. Mo wá. Inú mi ti le bí òkúta nígbà náà. Mi ò sunkún níbi tí wọ́n ti ń sin Àṣàkẹ́, mi ò sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì wà nínú ilé yẹn tí wọn ò bìkítà bóyá inú mi le tàbí ó rọ̀. Ọmọ ọdún méje ni Tóbi, ọmọ ọdún mẹ́rin ni Kúnlé. Opa ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń pe bàbá àgbà. Èmi á sọ Yorùbá, àwọn á fi Jámánì dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa yé.

Nígbà tí òtútù lọ, àwọn igi tó ti dúró gbẹ bí igi ìdáná láti ìgbà tí mo ti dé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó. Ará Berlin tú síta bí ìgbà tí wọ́n ṣí àgò adìẹ. Èmi ni mo ń lọ mú Kúnlé ní Kita, jẹ́léósinmi wọn níbí, a ó sì jọ lọ dúró de Tóbi. Láti ibẹ̀, ó di ibi ìṣeré tó wà lẹ́bàá omi, níbi tí iyanrìn pọ̀ sí. Bí a bá délé, màá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọn á bọ́ bàtà wọn fún mi, màá gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù, màá sì gbá a nídìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń gbọn ìdí ṣòkòtò mi nígbà tí mo bá ti odò dé.

"Warte, Opa!" ni Kúnlé máa ń wí, pé kí n dúró ná, òkúta kékeré kan wà nínú bàtà náà tí òun fẹ́ tọ́jú.

Tinúkẹ́ á yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá, iyanrìn tí ẹ gbọn lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ó tó mọ ilé."

"Ilé ọkọ rẹ náà ni mò ń mọ."

Ẹ̀rín ló máa ń tẹ̀ lé e. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò ṣe mí ní ibi kankan.

Iyọ̀ ló bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Tinúkẹ́. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ru jù, ó bá mi gba òògùn, ló bá gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Ọbẹ̀ di omi gbígbóná. Òòyì sì ń kọ́ mi láràárọ̀. Ó ní òògùn náà ni kò tíì mọ́ mi lára, yóò lọ. Ṣùgbọ́n arúgbó tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ á máa wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ẹ̀yìn bó ṣe ń ro ọbẹ̀.

Ọjọ́ Àjíǹde ni. Oòrùn ti yọ, mo fẹ́ wọ bàtà kí n lọ da pàǹtí nù kí a tó múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ mi kan nǹkan. Mo da bàtà náà délẹ̀. Ẹyin ló yí jáde. Ẹyin pupa, wọ́n fi àwọ̀ dúdú fa ìlà sí i lára, wọ́n so òwú mọ́ ọn, ìyẹ́ kékeré kan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wo bàtà kejì, òmíràn wà níbẹ̀. Mo gbé ẹní ìnusẹ̀ sókè, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi, ẹ sọ fún mi: ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ẹyin àti òwú àti ìyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí orí rẹ̀ ò ní wú? Mo mọ Àjíǹde láti kékeré. Ẹyin ni mi ò mọ̀ mọ́ ọn.

Mo fi igbe ta. Tinúkẹ́ sáré jáde. "Bàbá, kí ló dé?"

"Ìwọ ni kí n bi! Iyọ̀ tí o gbà lẹ́nu mi ò tó ọ, àbí? O fẹ́ kó mi lọ bá ìyàwó mi!"

"Bàbá, ẹyin ọdún ni. Àwọn ọmọ ló..."

"Àjẹ́!"

Mo pè é bẹ́ẹ̀. Mo tẹ ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́. Mo wọ ilé ìdáná, mo wá iyọ̀ tó fi pa mọ́ fún mi rí, mo sì dà á lé wọn lórí. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn nínú aṣọ ìsùn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fara pa mọ́ sí, kí wọ́n lè rí bí inú mi yóò ṣe dùn. Inú bàtà ni wọ́n fi ẹyin sí, nítorí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo máa ń yẹ bàtà wò nínú ilé yẹn. Àwọ̀ pupa ṣì wà ní ìka Kúnlé. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ké.

Tóbi ò ké. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèpo kan, ó nà án sí mi. Wálé ló kà á fún mi. Àwọn ìlà dúdú tí mo rò pé ọfọ̀ ni, Opa ni Tóbi kọ. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá rẹ̀: "Mama, was ist àjẹ́?" Ó fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ Yorùbá, àfi ọ̀rọ̀ yẹn ló wá béèrè.

"Kò sí nǹkan," ni ìyá rẹ̀ wí. "Lọ fọ ẹnu rẹ."

Wálé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Ta ni? Èmi?"

"Àwọn ọmọ ń wò yín, Bàbá."

"Kí wọ́n máa wò mí. Mú mi lọ sọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ ní Hamburg."

Mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbèjà mi lọ́dọ̀ yín pé mi ò mọ̀. Kí omijé Kúnlé tó kan ilẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣe é, nítorí mo ti ṣe é rí, ẹ̀yin ni mo sì ṣe é sí.

Tinúkẹ́ ti dá bírò dúró. Kò gbọ́ èyí rí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ọmọ wa àkọ́kọ́ kú ní ọjọ́ kẹjọ, òwúrọ̀ tí à bá sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, mo sún ìkòkò omi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì rí igbá kan. Ẹyin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, epo pupa sì wà lára igbá. Mo pariwo títí gbogbo agboolé fi jáde. Ẹ dúró láàárín wọn, ẹ ò gbé ohùn sókè. Ẹ ní, "Àkànní, ẹyin adìẹ mi ni. Ìyàwó rẹ ni mo kó o wá fún kó lè lókun. Mo fi pa mọ́ kí àwọn ọmọ má baà jẹ ẹ́." Nítorí ẹ̀yin gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Igbá tí ẹ sì fi ń bu epo ni igbá náà. Òun nìkan lẹ ní.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo pè yín. Mo kó ẹyin yín dà sórí ààtàn, ajá jẹ ẹ́. Ẹ di ẹrù yín sínú gèlè kan ṣoṣo, ẹ gba ọ̀nà abà, kò sí ẹni tó sìn yín. Òjò ọdún kejì ò tíì dá tí wọ́n fi wá pè mí pé ẹ ti kú. Mi ò wá rí, ní gbogbo ìgbà yẹn. Ṣé ẹ retí mi? Bí ajá bá gbó lójú ọ̀nà, ṣé ẹ máa ń yọjú wò bóyá èmi ni?

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú yín ni Àṣàkẹ́ sọ fún mi pé ẹ fi ẹyin náà han òun kí ẹ tó gbé e pa mọ́. Ẹ̀rù mi ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Mo gbọ́. Mo bu òkèlè mìíràn.

Àbẹ̀kẹ́ wá pàdé mi ní ibùdó reluwé Hamburg. A gba inú St. Georg kọjá, àárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, a sì wọ ọkọ̀ lọ sí Veddel níbi tó ń gbé. Ẹyin aláwọ̀ ló so rọ̀ nínú fèrèsé kiri, wọ́n tilẹ̀ so ó mọ́ igi bí èso.

"Bàbá, ẹ ti ka mélòó?" ni Àbẹ̀kẹ́ bi mí. "Ṣé gbogbo ará Hamburg náà ló fẹ́ pa yín?"

Òun nìkan ló lè bá mi sọ bẹ́ẹ̀ kó mú un jẹ. Mo ń wo igi náà, mo ń rò ó pé àwọn èèyàn ibí ń fi ẹyin pa mọ́ kí ọmọ lè rí i. Ẹ̀yin fi tiyín pa mọ́ kí ọmọ má rí i. Kò sí ibi nínú ìkankan. Èmi ni mo mú ibi wá.

Mo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Bí Wálé bá pè lórí fóònù tí a ń rí ojú ara wa, Tóbi á kí mi, á kúrò. Kúnlé kì í wá rárá. Lọ́jọ́ kan, akólẹ́tà gbé páálí kékeré kan wá. Òògùn mi ni, tí mo gbàgbé sí Berlin. Tinúkẹ́ ti pín in sí àpò wẹ́wẹ́. Ó mọ̀ pé mi ò lè kà, ó ya oòrùn sára ti àárọ̀, ó ya òṣùpá sára ti alẹ́. Ẹni tí mo pè ní àjẹ́ ló jókòó, tó ń ya oòrùn fún mi. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sunkún tí mi ò sun nígbà tí Àṣàkẹ́ kú. Mo sun tiyín mọ́ ọn.

Òní Sátidé ni wọ́n wá. Tóbi dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, bí ẹni ń kí àlejò tí wọ́n ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Kúnlé di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Kúnlé, bọ́ bàtà rẹ," Àbẹ̀kẹ́ sọ fún un.

"Nein."

Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi kó wọn lọ wo ọkọ̀ ojú omi. Àbẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Tinúkẹ́ dúró láti wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó wé nǹkan náà mọ́ mi lápá, kò wo ojú mi.

Mo ní, "Tinúkẹ́, ṣé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ? Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá mi."

"Ìyá yín tó ti kú?"

"Òun náà."

Ló bá tún ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn wò.

Ìyá mi, mi ò bẹ̀ yín nígbà tí etí yín lè gbọ́. Mo ń bẹ̀ yín báyìí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ wà níwájú mi. Tinúkẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀: o kì í ṣe ohun tí mo pè ọ́. Mo parọ́ mọ́ ọ lójú àwọn ọmọ rẹ, mo sì sá. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Ojú àwọn ọmọ náà ni màá ti tún un sọ.

Ó ní, "Ẹ rọra, Bàbá. Ọwọ́ mi ò yá tó bẹ́ẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo ti ń wò ó látẹ̀ẹ̀kan.

Wọ́n ti dé, Ìyá mi. Mo dìde lọ bá wọn, mo ti padà jókòó. Mo sọ fún wọn pé, "Ọ̀rọ̀ tí mo pe ìyá yín, irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe ohun tí kò dáa. Ẹ má bínú." Tóbi yíjú sí ìyá rẹ̀, ó béèrè ohun tí irọ́ jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Tóbi rò ó díẹ̀, ó mi orí sí mi pé òun gbọ́, kò sì tíì sún mọ́ mi.

Kúnlé jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Iyanrìn etí omi ti kún bàtà rẹ̀. Ó bọ́ méjèèjì fúnra rẹ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó di ọ̀kan mú mọ́ àyà. Ó fi ẹsẹ̀ rọra ti ìkejì sún mọ́ mi lórí ilẹ̀.

"Warte, Opa," ó ní. Òkúta wà nínú rẹ̀.

Mo ń dúró, Ìyá mi.

Ọmọ yín,
Àkànní, tí bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.