Ọ̀nà Tí Wọ́n Ṣí Lẹ́yìn Jemimah

Ayọ̀kúnlé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àbújá? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé. Àwa náà ń mí n'Ílogbo níbí, iṣu wa ta dáadáa, ẹsẹ̀ bàbá rẹ sì ti fúyẹ́ díẹ̀.

Rédíò ní ìjọba ti dẹ òfin tí kò jẹ́ kí èèyàn lọ sí orílẹ̀-èdè tí Jemimah àbúrò rẹ kú sí. Wọ́n ní ẹni tó bá wù lè lọ báyìí, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra, ìbọn ṣì ń dún níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé nígbà tó ń sunkún lórí fóònù pé ọ̀gá òun tilẹ̀kùn mọ́ òun nínú àìsàn, wọ́n ní òfin kò gbà kí n lọ mú un. Nígbà tí òfin ti wá gbà, mo ká aṣọ funfun tí a ó fi gbé e wálé sínú báàgì, mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù l'Ádó.

Ọmọbìnrin ibẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe. Mo ní mò ń lọ gbé ọmọ mi. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni. Mo ní ó ti kú. Ó wo kọ̀ǹpútà títí, ó ní iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ìbẹ̀wò nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó bá mi bẹ kọ̀ǹpútà náà, òun náà á kúkú ní ìyá. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí mọ́mì máa lọ sílé.

Mo dé ulé, mo bá obìnrin kan tó ń fi iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà lọ Favour àbúrò rẹ. Obìnrin náà ní bí ibẹ̀ kò bá dára ni, ìjọba ò ní ṣí i. Ọmọ odó ni mo fi lé e jáde. Láti ìgbà náà ni Favour ti ń bínú sí mi, ó ní orí Jemimah kọ́ ni orí òun. Òrùlé tó ń jò ni bàbá yín ń wò.

Ayọ̀kúnlé, ìwọ tí ìwọ àti ìjọba jọ ń gbé Àbújá, bá mi lọ sílé rẹ̀, sọ fún un pé ìyá Jemimah ní kó ti ọ̀nà yẹn padà. Bí o ò bá bá a nílé, dúró dè é. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí Favour wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, má fi gba inú ẹ̀rọ báńkì Àrámọkọ, ó gbé tèṣí mì, kò sì dá mi lóhùn.

Ọlọ́run kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọ lẹ́yìn tí ilé bá ti jó tán. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Felicia