Mo Ń Jowú Lúdò Màmá Mi

                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ọjà.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baba Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ mi méjèèjì ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà sì ń yọ mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Inú mi nìkan ni kò dùn. Mo ń jowú, n kò ní purọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni Màmá ń gbé láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú. Èmi ni mò ń fọṣọ wọn, èmi ni mò ń rán wọn létí oògùn, èmi ni mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn. Bí mo bá wọlé, wọ́n á ní, "O kú iṣẹ́," wọ́n á kọjú sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí Fàájì bá ti yọjú, ilé á dàrú. Àbúrò mi tó ń gẹrun lẹ́bàá ibùdókọ̀ ni mò ń sọ. Ìdí tí gbogbo ẹbí fi ń pè é ní Fàájì ni pé ó lè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan kó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ lásán ló máa ń mì bọ̀, àfi pátákó lúdò lábíyá. Òun àti Màmá á máa ṣe ojóró fún ara wọn, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi á wà nídìí ẹ̀rọ, màá dijú mọ́rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ní àwọn fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ Fàájì. Wọn kò bínú o. Wọ́n kàn ní ilé mi mọ́, ó dára, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́ jù. Ó dùn mí dọ́kàn. Yàrá kan ṣoṣo ni Fàájì ní.

Mo wá ní kò burú, èmi náà á bá wọn ta lúdò. Mo ra tuntun, a jókòó. Kò pẹ́ tí mo rí i pé bí mo bá bojú wẹ̀yìn, Màmá á ti ọmọ lúdò wọn síwájú. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, mo fa ìlà yí ọmọ lúdò wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ibi tó wà. Mo rò pé mo gbọ́n. Màmá wo ìlà, wọ́n wo ojú mi.

Wọ́n ní, "Ṣé aṣọ lo fẹ́ rán ni?"

Wọ́n dìde, wọ́n lọ di ẹrù wọn.

Lánàá, mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé ká tún un ta. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo jí ọmọ lúdò wọn kan, mo fi pamọ́ sábẹ́ itan. Wọ́n fura. Wọ́n ní, "Dìde, olè." Mo ní n kò dìde. Wọ́n fà mí lápá, èmi náà fà wọ́n, díẹ̀ ló kù ká jábọ́ lórí àga. Oníbàárà kan tó wá gba aṣọ bá wa níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín, a kò lè dá a lóhùn. Ìyá Ìbejì, n kò mọ̀ pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Èjìká tó ń ro mí láti ọjọ́ yìí rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí, Màmá kò lọ mọ́.

Màmá nu ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti ń mọ̀ ọ́n ta. Tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ Fàájì, kó o máa wá bá wa ta. Ó máa ń dùn tá a bá pọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, màá wà níbẹ̀, màá sì ṣe ojóró fún Fàájì títí á fi sunkún.

Bá mi kí Baba Ìbejì, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí o bá mọ ojóró kankan tí Fàájì kò mọ̀, tètè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, òjòwú,
                                        Alábẹ́rẹ́.