Àga Ojúde Ọjà Tó Ń Sùn Nílé Wa

"Ditte! Bí mo bá ṣe pè é ni kí o ṣe kọ ọ́! Má fi ṣakará ilé-ìwé bà á jẹ́ fún mi!"

Ohun tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn. Wọ́n jókòó lé dígí tí wọ́n fi ń kàwé, ó fọ́, bí mo ṣe di akọ̀wé ọ̀ranyàn nìyẹn. Inú ìwé tèmi yìí ni mo kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà wọn sí. Tó bá yá màá dà á kọ fún Asger, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Copenhagen.

Asger ọmọ mi, ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ọ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ, o ò ní yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, àmín. Àwa náà wà, adìyẹ ń yé, Ditte ń fajú ro, kò sí èyí tó yí padà níbẹ̀. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ṣíbí, mo pa á kó má baà tètè gbó. Bí o bá fẹ́ pè mí, kọ lẹ́tà ṣáájú kí n lè tàn án dè ọ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá tó wà nílẹ̀ ni ti ojúde ọjà. Láti kékeré rẹ, o mọ̀ pé mọ́tò nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ti lé mọ́tò lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n hú ọ̀dà, àṣé òkúta tí àwọn baba ńlá wa tò wà lábẹ́ rẹ̀ láìyẹ̀, kànga àtijọ́ náà sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wá. Mo kọ́kọ́ bínú, torí ibi tí mo máa ń gbé mọ́tò ẹja mi sí ni wọ́n gbin igi sí, igi ọ̀hún ò sì tíì ju ọ̀pá ìgbálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an ni èmi àti Bodil aládùúgbò wa ti ń mu kọfí báyìí, Bodil ní òun ò mọ̀ pé mo ṣì ní eyín lẹ́nu àfi ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Àga nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Àga irin pupa ni, wọn ò kàn án mọ́lẹ̀, kálukú ń gbé e tẹ̀lé oòrùn. Ìyẹn dáa, àmọ́ ewé ti ń já bọ́, òjò ti dé, ìgbìmọ̀ ìlú sì fi wọ́n síta bí ọmọ òrukàn. Ta ni kì í kó àga wọlé kí òtútù tó dé? Nítorí náà, bí gbogbo ìlú bá ti wọlé lọ jẹun ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi ọmọlanke kó mélòó kan wá sínú ilé màlúù, mo sì ń nù wọ́n. Bí ìgbà oòrùn bá padà, màá kó wọn síta. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, aṣoore kì í kéde. Àfi bí wọ́n ṣe lẹ ìwé mọ́ kànga lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́tà gàdàgbà: OLÈ Ń KÓ ÀGA! Mo ní ẹ ò rí nǹkan! Látìgbà náà ni mo ti ń kó púpọ̀ sí i kí olè má baà ṣáájú mi. Bodil ní ọwọ́ olè náà á rọ, mo ṣe àmín kíkankíkan.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe fún ẹnu mi o, tapólì ni mo fẹ́ rà, òrùlé ilé màlúù ń jò, mi ò sì fẹ́ kí àga ìlú dípẹtà lọ́wọ́ mi. Má fi gba báńkì. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń sanwó níbẹ̀ báyìí, mo kí i káàárọ̀, kò dá mi lóhùn, mo bá tèmi lọ. Àpòòwé ló dáa. Ibi tí o bá jókòó sí kò ní gbóná mọ́ ọ nídìí, ẹnìkan kò sì ní gba àga rẹ. Èmi ni, Gunner bàbá rẹ.

Ó tán. Bàbá ti lọ bọ́ adìyẹ, wọ́n ń súfèé.

Wọn ò mọ̀ pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ lẹ́tà gàdàgbà tó wà lára ìwé kànga yẹn. Èmi kà á. Ó ní bí àga ò bá padà kó tó di Sátidé, ìgbìmọ̀ ìlú á kó ìyókù lọ, mọ́tò á sì padà sójúde ọjà. Ibẹ̀ nìkan nílùú yìí ni mo ti lè jókòó kí n fajú ro láìra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tèmi kọ́ ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, Bàbá ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá wá sọ fún wọn pé, "Bàbá, ẹ̀yin lolè tí wọ́n ń ṣépè fún," wọn ò ní tẹ òkúta ojúde ọjà yẹn mọ́ láéláé.

Lọ́la, bí Bàbá bá ti wa mọ́tò lọ ra ẹja létíkun, èmi tí kì í jí àfi tí wọ́n bá fi igbe jí mi, màá fi ọmọlanke kó gbogbo rẹ̀ padà kí ilé búrẹ́dì tó ṣí. Màá ní ìgbìmọ̀ ìlú ló wá kó wọn, pé wọ́n dúpẹ́ gan-an, pé wọ́n ní irú irin yẹn kì í bẹ̀rù òjò. Bàbá ò ní sọ fún Bodil. Aṣoore kì í kéde.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ká mi mọ́ ìdí ọmọlanke tó ní, "Àṣé ìwọ lolè náà!", màá ní èmi ni. Mi ò ní sọ èyí fún Asger pàápàá.