Wá Gba Kíláàsì Mi, Ṣùgbọ́n Má Pariwo

                                                  Ilé Àwọn Olùkọ́, Yàrá Kẹta,
                                                  Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré,
                                                  Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìparí oṣù.

Ọ̀rẹ́ mi àtikékeré,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé alàáfíà ni ìyàwó wà, ṣé ọmọ ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi tẹlẹ̀ dáadáa, àbí wọ́n ṣì ń bá ọ̀pá jà? Mo mọ̀ pé o máa ń yà kí Màmá mi tí o bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. O ṣeun. Ara tèmi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ohùn nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kà á, mo tún un kà, mo ká a pa dà sínú àpò rẹ̀. O ní ilé ìwé wa ti kọ̀wé sí ọ pé kí o wá gba kíláàsì mi lẹ́yìn ìsinmi àárín táàmù, àti pé o kò ní dá wọn lóhùn títí n ó fi sọ tèmi. O ní ojú ń tì ọ́ láti jókòó sórí àga tí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ rẹ kúrò lórí rẹ̀. O wá bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi gan-an. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí èsì mi pẹ́, nítorí mo wo ọkàn náà, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kò dùn mí. N kò bínú. Ṣé o mọ̀ bí èèyàn ṣe máa ń sùn lé apá ara rẹ̀, tí yóò jí, tí apá ti kú, tí yóò máa fi ọwọ́ kejì gbé e kiri bí ẹrù ẹlòmíì? Bí mo ṣe wà nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bu iyọ̀ sí i. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni èmi àti ìwọ ti kàwé lábúlé, kíláàsì mẹ́ta nínú rẹ̀, tísà kan. O rántí pé bí tísà wa bá ń ka ìsọdipúpọ̀, àwọn tó ń fọṣọ lódò a máa bá a gbè é. Ohun tí mo rò pé iṣẹ́ tísà jẹ́ nìyẹn: ohùn. Nígbà tí mo dé ibí, pákó pẹlẹbẹ ni mo bá láàárín kíláàsì mi àti ti Tísà Ìtàn. Bí òun bá gbé ohùn sókè nítorí ogun tó ń jà nínú ìtàn rẹ̀, èmi náà a gbé tèmi sókè nítorí omi tó ń hó nínú sáyẹ́ǹsì. Ọdún mẹ́ta la fi jà báyìí láìfojú kan ara wa, tí a sì jọ ń jẹun ọ̀sán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, ohùn mi há. Mo lá oyin, mo mu omi gbígbóná, mo sì ń pariwo lọ. Nígbà tó wá di pé bí mo bá ní "ẹ jókòó", èémí lásán ló ń jáde, mo lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ọ̀nà ọ̀fun. Ó fi dígí kékeré kan wò mí lọ́fun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tísà ni yín, àbí oníwàásù?"

Mo fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń kọ̀wé sára ògiri.

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń bọ́ àwọn ọmọ mi."

Ó ní nǹkan kan ti wú sórí okùn ohùn mi, kí n pa ẹnu mi dé. Kì í ṣe kí n rọra máa sọ̀rọ̀ o. Kí n má sọ rárá, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá.

Ọ̀gá àgbà wa, ìyáàfin tí àwọn ọmọ ń pè ní Kókókó nítorí bàtà rẹ̀ tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé, fẹ́ kí n lọ jókòó sílé, kí òun wá ẹlòmíì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé n kò lọ. Àwọn ọmọ àṣekágbá ni wọ́n, ọdún yìí ni ìdánwò wọn, n kò ní já wọn sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó ní ó dáa, kí n máa kọ́ wọn láìsọ̀rọ̀, òun yóò wá jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ tó bá wu òun. Ohun tí òun bá rí lọ́jọ́ náà ni òun yóò fi mọ̀ bóyá kíláàsì ṣì jẹ́ tèmi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, àbùkù ni. Mo dúró níwájú, mò ń ju apá bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Ọmọkùnrin kan wà níwájú tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò. Ó dìde, ó sọ ara rẹ̀ di ògbufọ̀ mi. Mo tọ́ka sí pátákó, ó ní, "Sà ní ká wo pátákó." Mo gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́, ó ní, "Sà ní kí ẹni tí ebi bá ń pa nawọ́." Gbogbo wọn nawọ́. Mo lọ jókòó. Nígbà tí ariwo wọn tó wọn, wọ́n dákẹ́ fúnra wọn, ibẹ̀ ni nǹkan kan ti yé mi. Ohùn mi ni ariwo wọn ń fara tì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò sí i mọ́, ariwo náà wó.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo rí kọ́, má sì bá mi jiyàn bí o ṣe máa ń ṣe.

Kí wọ́n tó wọlé, jẹ́ kí iṣẹ́ ti wà lójú pátákó. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìbéèrè kan tàbí méjì lórí ohun tí ẹ ṣe lánàá, irú èyí tí ọ̀lẹ pàápàá lè bẹ̀rẹ̀. Ìwọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, máa wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ojú ni o ó fi mọ ẹni tí kò sùn, ẹni tí wọ́n bá jà nílé, ẹni tó ti múra ìjà wá. Tísà tó bá wọlé lẹ́yìn wọn, tó wá ń pariwo "ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́", ti ná ìdajì agbára rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Má sọ iwájú kíláàsì di ilé rẹ. Ibi tí ariwo bá wà, rìn lọ síbẹ̀, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Má wo ẹni tó ń pariwo, ìwé ẹni tó jókòó tì í ni kí o máa wò. Yóò dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí pépà, fi síwájú rẹ̀, kí o sì kọjá. Ohun tí mo kọ fún Agbẹjọ́rò ni "Mo nílò rẹ." Ó kà á, ó tì í bọ àpò. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń pín ìwé, òun ló ń nu pátákó, ojú tó fi ń bá àwọn tó kù wí sì burú ju tèmi lọ. Ọmọ tí o bá bá wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dá lóhùn, kì í ṣe ìwọ.

Má bi wọ́n láé pé "Ṣé ó yé yín?" Èmi àti ìwọ la jọ ń kígbe "Ó yé wa, sà!" lábúlé. Kí ló yé wa? Ẹ̀yìn ìwé wọn ni mo ní kí wọ́n máa kọ ìdáhùn sí, kó tóbi gàdàgbà. Bí mo bá pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn a gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó wo ti ẹnìkejì rẹ̀, àti ẹni tó ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rù yóò bà ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ohun tí mo ti ń fi gbogbo ọ̀fun pariwo látọjọ́ yìí, ìdajì wọn kò gbọ́ ọ.

Tí o bá sì béèrè ìbéèrè, dúró. Dúró títí ara yóò fi máa yún ọ. Àwa tísà, a kì í jẹ́ kí ìbéèrè balẹ̀ kí a tó gbá a mú, kí a dáhùn rẹ̀ fúnra wa, ká wá ní ọmọ kò ní làákàyè. Èmi kò lè dáhùn, nítorí náà dídúró di dandan fún mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn ní ẹnu.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Kókókó wá. A kò gbọ́ bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Bí omi ṣe ń hó títí tí yóò fi gbẹ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Mo gbé ìkòkò kékeré kaná. Wọ́n ń wò, wọ́n ń kọ, wọ́n ń ṣàlàyé fún ara wọn lóhùn pẹ́lẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí irú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ kan gòkè lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ni. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, àfi tí mo bá pe orúkọ. Ó dìde.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, iná ni ẹ kọ pé ó ń mú omi inú ìkòkò gbẹ. Aṣọ tí a bá sá sínú yàrá, tí oòrùn ò débẹ̀, tí iná ò sí lábẹ́ ẹ̀, tó sì gbẹ, ta ló wá sè é?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò ní, "Iwin ló sè é!" Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jókòó. Ó ń wò mí.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n nawọ́ sí àwọn tó kù, kí wọ́n jà á láàárín ara wọn. Ohun tí mo ti ń ṣe látẹ̀yìn wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú mi dùn jù. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là, mo ní, "Jẹ́jẹ́, ìbéèrè gidi nìyẹn! Wò ó, omi kì í dúró de iná, èyí tó wà lókè pátápátá..." Ibẹ̀ ni ohùn já. Mo wúkọ́ sínú aṣọ ìnujú, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, kò pọ̀. Kókókó ti dìde. Àwọn ọmọ dákẹ́, irú ìdákẹ́ tí n kò kọ́ wọn.

Dókítà kò bá mi ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, àti pé lẹ́yìn rẹ̀, ohùn tí yóò pa dà, bí yóò bá tilẹ̀ pa dà, kò ní lè la pákó kọjá mọ́. Mo mi orí. Mo ra búrẹ́dì lọ́nà, mo lọ sílé. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Èmi kò sunkún. Mo kàn ń ríran.

Kókókó gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò, ibẹ̀ ni mo ti ń máàkì ìwé. Kò fi mí ṣẹ̀sín, jẹ́ kó yé ọ. Ó ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dáa ju gbogbo èyí tí òun ti rí níbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní jókòó kí òun máa wò mí bí mo ṣe ń pa ara mi níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ìwé ló kọ ọ́ sí, ó nà án sí mi. Gbogbo wọn ló ń kọ̀wé sí mi báyìí, bíi pé etí mi ló bàjẹ́. Tísà Ìtàn tiẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pariwo sí mi létí pé, "ṢÉ O TI JẸUN?" Mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé: wá. Má ya òmùgọ̀ nítorí mi. Bí o kò bá wá, ọkùnrin kan wà tó ti ń wá sọ́dọ̀ Kókókó nítorí iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni ibi tí a ń tọ́jú pàṣán sí. Ṣé ẹni tí n ó fà wọ́n lé lọ́wọ́ nìyẹn, nítorí pé ojú ń tì ọ́? Fi ojú tó ń tì ọ́ yẹn sílẹ̀ nílé, ó wúwo jù láti gbé wọkọ̀. Mo ti kọ ọ́ fún ọ̀gá àgbà pé o ń bọ̀. Bó bá bí ọ nínú, ó bí ọ nínú. Ìgbà wo ni mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ rí?

Tísà Ìtàn yóò fi ogun rẹ̀ dán ọ wò. Má gbé ohùn sókè. Máa mu omi. Bí ẹ̀kọ́ kan bá há, wá sí ọ́fíìsì, n ó kọ ọ́ fún ọ.

Ó ku ohun kan. Jẹ́jẹ́ ti pa dà sínú ìdákẹ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ló wá sọ fún mi pé ọmọbìnrin náà gbà pé ìbéèrè òun ló ṣe mí lọ́ṣẹ́. Mo kọ̀wé sí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kà á, ó sorí kọ́, ó lọ. Ìwé kò lè ṣe é. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dé, má kọ́ wọn ní nǹkan tuntun. Ní kí Jẹ́jẹ́ tún ìbéèrè aṣọ náà bi gbogbo kíláàsì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Má dá a lóhùn. Bí ọ̀fun bá ń yún ọ, gé ètè rẹ jẹ. Dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì mi kò jìnnà síbẹ̀, n ó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó, bá mi fi ọwọ́ kan orí ọmọ, kí o kí Bàbá pé kí wọ́n má bá ọ̀pá jà mọ́. Kí Màmá mi. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, ìka ni mo fi ń kan án kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa, wọ́n á ní, "Ó dáa, ọmọ mi, màá tún pè." Kí o tó wọkọ̀, yà sọ́dọ̀ wọn, jókòó tì wọ́n, kí o ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Má fún wọn ní lẹ́tà yìí kà. Fi ẹnu rẹ sọ ọ́.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí pa dà,
                                                  Olóríkunkun.